Àwọn Ìwé Ìròyìn Aláwòrán Faransé Tí A Jà Fún ní Falconridge

Ọdún tí snow kọ̀ tí kò tètè yọ́ ní Calgary, ní Canada, tí a ṣì ń kó o kúrò lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó yẹ kí koríko ti máa hù, ni a ja ìjà yìí. Mo ti jà rí. Ní yunifásítì tí mo ti kọ́ èdè Faransé ní Nàìjíríà, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí a ti géètì pa nítorí àìsí omi. Mo rò pé mo ti fi ìjà sílẹ̀ sílé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìjà kì í béèrè visa kó tó tẹ̀lé ènìyàn.

Ẹgbẹ́ àwa tí a ń sọ Faransé ní yàrá ìkàwé kan nínú basement, lábẹ́ ilé kan, ní àdúgbò Falconridge. Nọ́ọ̀sì ni mí. Lọ́jọ́ tí mi ò bá níṣẹ́, mo máa ń lọ bá wọn to ìwé. Ibẹ̀ ni mo ti mọ Bàbá Ìdòwú, ará Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, tó ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìwé ìròyìn aláwòrán ilẹ̀ Faransé ló kún ògiri kan látòkè délẹ̀. Àwọn mìíràn ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

"Ọmọ mi, wo èyí," ni Bàbá sọ lọ́jọ́ kan. "Wọn ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ fọ́tò sínú ìwé ìròyìn nígbà náà. Ayàwòrán á yà á, àwọn oníṣọ̀nà á fín in sára igi. Bí àwòrán bá tóbi, wọ́n á pín in, kálukú á fín tirẹ̀, wọ́n á wá tò ó pọ̀."

Ó fi èékánná tọ ìlà funfun tín-ín-rín kan tó la ojú ọ̀run inú àwòrán náà já: ibi tí igi méjì ti pàdé. Ó ní lẹ́yìn ìyẹn ni àwòrán aláwọ̀ dé, fọ́tò tẹ̀lé e, títí tẹlifíṣọ̀n fi kó àwọn òǹkàwé lọ.

Alága wa, Madame Colette, fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ dànù kí yàrá náà lè di daycare. Mi ò lè sọ pé daycare kò wúlò. Ọ̀nà tí wọ́n gbà dìbò lórí rẹ̀ ló bí mi nínú. Ìwé ìpè sọ pé aago mẹ́wàá àárọ̀ Thursday. Mo tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tó wà ní Sunridge, mo dé nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́wàá lù. Wọ́n ti ń kó àga jọ.

"A ti dìbò," ni Madame wí. "Gbogbo ènìyàn ló fọwọ́ sí i."

"Mélòó ni gbogbo ènìyàn?"

"Mẹ́jọ. Àwa tó wá."

"Ẹ dìbò kí àsìkò tó tó, ẹ wá ní gbogbo ènìyàn?"

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Mo ka òfin ẹgbẹ́ dópin: bí ogójì ọmọ ẹgbẹ́ bá fọwọ́ síwèé, ìpàdé mìíràn di dandan. Èmi àti Bàbá gbéra. A gba ìfọwọ́sí nínú train, ní mall, níbi tí àwa nọ́ọ̀sì ti ń jẹun. Nítorí tọkọtaya kan ṣoṣo, mo wakọ̀ jáde ní Calgary dé ìlú Cochrane nínú snow, kí ogójì lè pé.

Ní ìpàdé kejì, ọ̀sán Saturday, yàrá kún dé ẹnu ọ̀nà. Nadège, ọmọ Cameroon tó gbé ọmọ ọwọ́ dání, ló kọ́kọ́ dìde. Ó na ìwé ìròyìn kan sókè: àwọn jagunjagun Dahomey ló wà níwájú rẹ̀, wọ́n yà wọ́n bí ẹranko.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ṣé nítorí ìwọ̀sí yìí ni ọmọ mi ò ṣe ní rí daycare?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Bàbá ló dìde.

"Dahomey ló kó ìlú mi, Kétu. Mi ò nídìí láti gbèjà wọn. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni wọ́n. Bí a bá da ẹ̀rí nù, báwo ni ọmọ rẹ ṣe máa mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n pa mọ́ wa?"

Nadège jókòó. Nígbà tí a dìbò, kò nawọ́ fún wa, kò sì nawọ́ fún Madame. A borí.

Àmọ́ kí ìpàdé yẹn tó wáyé, ọkọ̀ tí wọ́n pè lẹ́yìn ìdìbò àkọ́kọ́ ti kó àwọn ìwé tí wọ́n fín àwòrán wọn sára igi lọ, wọ́n ti lọ̀ wọ́n kúnná. Bàbá dúró níwájú àwọn pẹpẹ tó ṣófo. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó ya, ká to èyí tó kù."

Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ wa kì í dìbò láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ mọ́. Ìyẹn ni èrè wa. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tí ọwọ́ wọn kò tẹ yàrá náà kò tíì rí àyè mìíràn, àwa tí a borí ló sì yẹ ká wá a fún wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ti sọ pé àwọn kò ní àyè. Ní Monday, èmi àti Nadège ń lọ sí ìkẹrin.