Alága, Ẹ̀yin Adájọ́, àti Ìdánwò Kẹta Fenglan

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Fenglan ti fìdí rẹmi. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan.

Lẹ́tà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ránṣẹ́ sí i kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Bí ó bá tún kùnà ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹfà ọdún 1996 yìí, ọdún méjì gbáko ni yóò fi dúró kí wọ́n tó tún jẹ́ kí ó gbìyànjú. Àyè tí wọ́n fún un nínú kíláàsì yóò sì di ti ẹlòmíràn. Ọdún méjì. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni.

Ní Shenyang, ní ilẹ̀ Ṣáínà, apoògùn ni Fenglan. Ọdún méjìlá ló fi dúró lẹ́yìn káńtà ilé ìwòsàn ńlá kan, tí àwọn dókítà ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kọ oògùn sórí ìwé. Ní Houston, aṣọ ló ń fọ̀. Aṣọ ìtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Greenspoint. Ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́jọ. Ooru bí inú ààrò. Ohun tí kọ́lẹ́ẹ̀jì sì ṣèlérí láti kọ́ ọ ni iṣẹ́ àwọn tó ń ran apoògùn lọ́wọ́. Ìyẹn ni pé, kí ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ìgò fún irú ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ rí. Kò bínú. Ó kàn fẹ́ kúrò nídìí ẹ̀rọ ni.

Ìdánwò náà pín sí méjì. Kíkọ àti sísọ. Ti kíkọ kò ni í lára rárá. Máàkì tó gbà, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Houston kò gba irú rẹ̀. Sísọ ni ìṣòro rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìwọ àti olùbéèrè kan ṣoṣo nínú yàrá kékeré, kásẹ́ẹ̀tì ń yí lórí tábìlì.

Fenglan ti múra sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń múra sílẹ̀ nílùú wọn. Ó ra ìwé kan ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Ṣáínà ní Bellaire, àádọ́rin ìbéèrè, àádọ́rin ìdáhùn. Ó kọ́ gbogbo rẹ̀ sórí. Ó lẹ ìdáhùn mọ́ ara firíjì, mọ́ ara dígí, mọ́ ara ògiri báluwẹ̀. Kò fi kọ́mà kan sílẹ̀.

Nígbà àkọ́kọ́, olùbéèrè ní: báwo lo ṣe dé ibí lónìí? Fenglan gbé ìdáhùn kẹrìnlá kalẹ̀: àǹfààní ọkọ̀ èrò ní àwọn ìlú ńlá ayé. Kókó mẹ́ta, àti àgbálọgbábọ̀. Nígbà kejì, wọ́n ní: oúnjẹ wo lo fẹ́ràn? Ó dá wọn lóhùn lórí ìyàn àti àìtó oúnjẹ láwùjọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni olùbéèrè kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé rẹ̀ ní ìgbà méjèèjì. Àkọ́sórí.

Òkè orí rẹ̀ gan-an, nínú ilé kan náà, ni Tísà ń gbé.

Ọláwọlé lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ní Houston, sẹ̀kìúrítì ni. Ẹnu ọ̀nà ilé ọ́fíìsì alájà mẹ́wàá kan ló ń ṣọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ á fi káàdì wọn hàn án, òun á wo káàdì, á wo bóyá àṣìṣe wà nínú ohun tí wọ́n kọ sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fi bírò pupa tún pátákó “Ẹ má mu sìgá” kọ.

Ó ti fẹ́ padà sídìí iṣẹ́ olùkọ́. Ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn láti gba ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń béèrè ní Texas. Akọ̀wé ibẹ̀ fún un ní fọ́ọ̀mù kan, ó ní gbogbo ẹni tó bá ti òkè òkun wá ló gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì.

“Èmi?” ni Tísà wí. “Èmi tí mo kọ́ àwọn tó kọ́ yín?”

Kò kọ́ ẹnikẹ́ni tó kọ́ akọ̀wé náà. Ọmọ ogún ọdún ni, ará Pasadena nítòsí Houston. Tísà fa fọ́ọ̀mù ya lójú rẹ̀, ó sì jáde tàyàtàyà. Ìyàwó rẹ̀, Mojọlá, tó tẹ̀ lé e lọ, gba fọ́ọ̀mù mìíràn jẹ́jẹ́, ó ká a sínú báàgì. Inú dúrọ́ọ̀ tí wọ́n ń kó ṣíbí sí ni fọ́ọ̀mù náà wà láti ọjọ́ náà. Ọdún mẹ́rin. Lábẹ́ fọ́ọ̀kì.

Ilé àwọn arúgbó tí Fenglan ti ń fọ aṣọ ni Mojọlá ti ń wẹ àwọn arúgbó. Òun ló dárúkọ Fenglan fún ọkọ rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ nígbà tó yá pé ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu òun ni.

“Ará Ṣáínà ìsàlẹ̀ yẹn?” Tísà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. “Mú un wá.”

“Bàbá Ìlérí, ọ̀rọ̀ sísọ ló ń dà á láàmú o. Ọ̀rọ̀ sísọ lásán. Kì í ṣe ìjà.”

“Mojọlá, ta ló gba ife-ẹ̀yẹ ìjiyàn gbogbo Ìjẹ̀bú lọ́dún 1978?”

“Àwọn ọmọ kíláàsì yín ni.”

“Ta ló kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ?”

Mojọlá gbé agbọ̀n aṣọ rẹ̀, ó wọ yàrá lọ.

Ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, tábìlì oúnjẹ. Fenglan gbé ìwé àádọ́rin ìdáhùn rẹ̀ dání. Tísà gbà á, ó ṣí i wò, ó sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni rí aáyán.

“Kí ẹ̀dá máa kọ́ nǹkan sórí,” ó ní. “Ìwà ọ̀lẹ nìyẹn. Ìdí tí o fi ń kùnà gan-an nìyẹn.”

Ó wá fún un ní bébà kan.

“Kọ́ eléyìí sórí.”

Gbogbo ẹni tó bá ti jókòó ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ nílẹ̀ wa rí mọ ohun tó wà lórí bébà náà. Alága wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin adájọ́ tí kì í ṣègbè, ìwọ olùṣọ́ àkókò tí aago rẹ kì í purọ́, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nínú ìjiyàn, ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́. Lédè Gẹ̀ẹ́sì ni o, Gẹ̀ẹ́sì tó wọ kóòtù. Fenglan kà á lẹ́ẹ̀mejì.

“Tísà,” ó ní, “ẹnì kan péré ló máa ń wà nínú yàrá náà.”

“Ẹnì kan lo rí. Àwọn tó máa gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ìgbìmọ̀ ni wọ́n.”

Fenglan rò ó. Ó bọ́gbọ́n mu. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

“Ta wá ni olùṣọ́ àkókò?”

“Aago ara ògiri. Tí o bá ti dé ibẹ̀, na ọwọ́ ọ̀tún sí i. Jìnnìjìnnì á bá ẹni tó jókòó.”

“Dádì, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ báyẹn,” ni Ìlérí, ọmọbìnrin wọn, wí lédè Gẹ̀ẹ́sì láti iwájú tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ ọdún méjìlá.

“Ohun tó jẹ́ kí ìlú yín rí báyìí nìyẹn,” ni Tísà wí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Fenglan kọ́ bí wọ́n ṣe ń dìde, bí wọ́n ṣe ń tẹríba, bí wọ́n ṣe ń dánu dúró kí àwọn èrò lè pàtẹ́wọ́. Àwọn èrò wo? Kò béèrè. Nídìí iṣẹ́, àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́jọ di ìgbìmọ̀ adájọ́. Á na ọwọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń pariwo, wọ́n ń yí, wọn kì í ṣègbè.

Nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀ tí kò sẹ́ni tó pè é ní ẹ̀kọ́. Bí Fenglan bá kó aṣọ mímọ́ wọ yàrá àwọn arúgbó, á bá Mojọlá níbẹ̀. Mojọlá kò lè kọjá lára ènìyàn kó má bi í ní nǹkan. Mísíìsì Crawford, pẹ̀lẹ́ o, ṣé ẹ sùn? Orúnkún yẹn ńkọ́? Ta ló wá kí yín lánàá? Ọbẹ̀ náà kò dùn, àbí ẹ ò kàn fẹ́ jẹun ni? Ní Shenyang, “Ṣé o ti jẹun?” ni wọ́n fi ń kí ara wọn lójú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni Fenglan gbà wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn arúgbó bóyá wọ́n ti jẹun, wọ́n sì ń dá a lóhùn, arúgbó kì í dákẹ́ bí o bá bi í léèrè oúnjẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, á mọ ìtàn ọmọ mẹ́ta àti ikọ́ ẹni méjì. Kò lẹ ọ̀kankan mọ́ ara firíjì.

Ọ̀rọ̀ náà, “pẹ̀lẹ́”, tí Mojọlá máa ń fi sáàárín Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, Fenglan gbà pé Gẹ̀ẹ́sì ni. Ṣebí Mísíìsì Crawford tí wọ́n bí ní Beaumont, ní Texas níbẹ̀, ń sọ ọ́ fún ológbò.

Ọjọ́ pé. Tísà gba àyè níbi iṣẹ́, ó wọ kóòtù, ó so táì, ó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé Fenglan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó jẹ́ kó ka ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà lórí ọ̀nà ńlá fíríwéè 45.

“Má wo ojú ẹnikẹ́ni,” ó ní lẹ́nu ọ̀nà. “Ògiri ni kí o wò.”

Obìnrin tó sún mọ́ ọgọ́ta ọdún ni olùbéèrè. Ó fi aṣọ gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ kọ́ ọrùn, báńdéèjì dé ìgbọ̀nwọ́. Ó tẹ kásẹ́ẹ̀tì. “Sọ fún mi nípa ara rẹ.”

Fenglan dìde.

“Alága wa ọ̀wọ́n,” ó ní.

Olùbéèrè wo ẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan.

“Ẹ̀yin adájọ́ tí kì í ṣègbè.”

Olùbéèrè wo ilẹ̀kùn.

“Ìwọ olùṣọ́ àkókò tí aago rẹ kì í purọ́.” Fenglan na ọwọ́ ọ̀tún sí ògiri.

Kò sí aago níbẹ̀. Ìṣó lásán.

Ọ̀rọ̀ tán. Kì í ṣe ti Tísà nìkan; ó wá àádọ́rin ìdáhùn náà nínú orí rẹ̀, kò rí ọ̀kan. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, ó ń tọ́ka sí ìṣó. Kásẹ́ẹ̀tì ń yí. Ọdún méjì ń yí pẹ̀lú rẹ̀.

Bírò olùbéèrè já bọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti he é, ó gbàgbé, ọwọ́ tí kò yá ló nà. Ó ké.

Kí Fenglan tó mọ̀, ó ti yí tábìlì po, ó ti he bírò.

“Pẹ̀lẹ́,” ó ní. “Kí ló ṣe yín lọ́wọ́?”

“Mo ṣubú ní báluwẹ̀.”

“Nígbà wo? Ta ló ń dáná fún yín?”

“Kò sẹ́nì kankan. Èmi nìkan ni.”

“Ẹ ti jẹun láàárọ̀ yìí?”

“Mo mu kọfí.”

“Kọfí kì í ṣe oúnjẹ. Oògùn wo ni wọ́n fún yín?”

Obìnrin náà dárúkọ oògùn ìrora kan. Fenglan fa àga, ó jókòó. Ojú ẹ̀ yí padà. Ẹni tó dúró lẹ́yìn káńtà fún ọdún méjìlá dé.

“Ẹ sì ń lò ó láìjẹun? Rárá. Rárá o. Ó máa dá egbò sí yín níkùn. Ẹ gbọ́.”

Ó sọ bí oògùn náà ṣe ń ṣe nínú ikùn. Ó sọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n lò ó. Ó ya àwòrán ikùn sórí bébà. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń tiro níbì kan, ó ń sáré níbòmíràn. Olùbéèrè ń bi í, ó ń dáhùn. Ó ń bi olùbéèrè, ìyẹn náà ń dáhùn. Obìnrin náà sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

“Kí ni ‘pẹ̀lẹ́’?” ó béèrè níkẹyìn.

“Gẹ̀ẹ́sì ni.”

“Gẹ̀ẹ́sì ibo?”

Fenglan rò ó. “Ti òkè ilé mi.”

Kásẹ́ẹ̀tì dún kẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìgbà náà ni Fenglan rántí pé òun kò tíì ṣe ìdánwò.

Ó ń sunkún nígbà tó jáde. Tísà dìde lórí bẹ́ǹṣì.

“Ibo lo sọ ọ́ dé?”

“Olùṣọ́ àkókò. Kò sí aago.”

“Kò sí aago?” Tísà wo ilé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Kọ́lẹ́ẹ̀jì wo ló ń ṣe ìdánwò láìsí aago?” Ó fẹ́ wọlé lọ fi ẹjọ́ sùn. Fenglan fi agídí fà á lọ síbi ọkọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́tà dé ní Sátidé, Fenglan gbé e gòkè láìṣí i. Ó nà á sí Tísà. Tísà já a, ó dìde, ó kà á sókè bí ẹni wà níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Ó yege. Ní ìsàlẹ̀, olùbéèrè kọ ọ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣàjèjì, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀.

Mojọlá gbá Fenglan mọ́ra. Àwọn méjèèjì ń fò sókè.

“Ẹ gbọ́!” ni Tísà ń pariwo. “Ẹ gbọ́ nǹkan tí wọ́n kọ! Wọ́n dárúkọ ìbẹ̀rẹ̀!”

Ó mú ìwé tuntun kan. Ó kọ sí iwájú rẹ̀, pẹ̀lú bírò pupa: Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Mi Tó Yege ní Houston. Ó ṣí i. Ó kọ nọ́ńbà kìíní, ó kọ Fenglan. Ó kọ nọ́ńbà kejì, ó gbójú sókè, ó ń ronú ẹni tí yóò wà níbẹ̀.

Mojọlá fa dúrọ́ọ̀ ṣíbí. Ó yọ fọ́ọ̀mù náà lábẹ́ fọ́ọ̀kì, ó fọwọ́ tẹ́ ẹ, ó gbé e lé orí tábìlì.

“Ẹni kejì rè é.”

Ìlérí rẹ ohùn tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀.

“Èmi?” ni Tísà wí. “Èmi tí mo kọ́ . . .”

“Ẹ kọ́ ọ, ó yege, Bàbá Ìlérí. Ẹ̀yin náà, ẹ lọ yege.”

Tísà wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà kejì ń dúró. Fenglan fa àga tí Tísà máa ń jókòó sí, ó jókòó síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó na ọwọ́ sí àga òdìkejì.

“Tísà, ẹ sọ fún mi nípa ara yín.”

Tísà kò jókòó. Ó di bọ́tìnnì ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún.

“Alága wa ọ̀wọ́n . . .”

Fenglan mi orí. Ó dúró títí ọwọ́ Tísà fi wálẹ̀, títí ó fi jókòó.

“Pẹ̀lẹ́,” ó ní. “Ṣé ẹ ti jẹun?”

Tísà wo ìyàwó rẹ̀.

“Ẹ dá a lóhùn,” ni Mojọlá wí. “Kásẹ́ẹ̀tì ń yí.”