Omi Tí Mo Fọwọ́ Sí

N kì í tètè gbàgbé ọ̀rọ̀. Ọkọ mi ní ìyẹn ni yóò pa mí. Kó pa mí. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti tó ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó sì tún ń ká mi lára bí ẹni pé lánàá ni.

Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọwọ́ gbogbo ayé nígbà náà. Ilé ìkàwé àwọn ọmọdé kan wà ní Ìkòsì tí àwa kan ń yọ̀ǹda ara wa fún. Mummy kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló ń darí rẹ̀, òun ló sì ní kí a kan àpótí gíláàsì ńlá kan síbẹ̀, kí a rọ omi òkun sí i, kí a fi àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú òkun síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ máa wọlé wá wò ó. Ó ní ọ̀pọ̀ ọmọ Kétu ni kò fojú kan òkun rí, bẹ́ẹ̀ Èkó ni wọ́n bí wọn sí. Òótọ́ ló sọ. Ọmọ tèmi náà ti pé ọmọ ọdún méje kó tó rí i.

A ò ju mẹ́fà lọ. Káfíńtà kan tó wá láti apá Ọ̀yọ́ kan tábìlì tí àpótí náà máa jókòó lé. Ọkùnrin kan tó ń gé gíláàsì ní Mile 12 lẹ gíláàsì pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló jò. Lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo ìwé ìtàn tó wà ní ìsàlẹ̀ rin gbingbin, Mummy ò sì bá ẹnikẹ́ni nínú wa sọ̀rọ̀ títí a fi nu ilẹ̀ tán. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ọsibítù ni wọ́n ní kí n máa yẹ omi wò. Ọ̀rẹ́ mi, tó ní mọ́tò tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, ló ń lọ fi kẹ́ẹ̀gì bu omi wá láti etí òkun.

Mo gbọ́dọ̀ sọ irú ọ̀rẹ́ tó jẹ́. Láti Form One la ti jọ wà. Òun ló dúró tì mí lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Nígbà tí mo fẹ́ bí àkọ́bí mi, òun ló gbé mi lọ sí ọsibítù, tó ń fi ọwọ́ kan wa mọ́tò, tó fi ìkejì di ọwọ́ mi mú. N kì í ka ohun tó bá sọ fún mi sí ohun tí èèyàn ń wádìí.

Bàbá kan ní Anthony ló fún wa ní ohun tó máa wà nínú omi náà. Inú ọkọ̀ òkun ló ti fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́, nídìí ẹ́ńjìnnì. Iyùn ló fún wa, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn o, èyí tó ṣì wà láàyè ni, tó ń yọ ọwọ́ wẹ́wẹ́ jáde nínú omi. Bí ogún ọdún ló fi tọ́ ọ nínú pálọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń lọ, kò lè tọ́jú rẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ní kó kó o dànù.

Lọ́jọ́ tí a lọ kó o, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Ọmọ mi, omi òkun gan-an ni kí ẹ máa fún wọn. Ẹ máa pààrọ̀ díẹ̀ níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kì í ṣe omi ọ̀sà o. Mo fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọdé bá ń wò wọ́n, kí ojú mi tó lọ tán.”

Mo ní, “Daddy, ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi ni mo máa dúró fún un.”

Gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni mo fi ń yẹ omi wò. Tí omi bá ní iyọ̀ tó bó ṣe yẹ, gíláàsì náà á léfòó dé ojú ìlà pupa kan. Tó bá ti débẹ̀, màá kọ ọ́ sínú ìwé, màá sì fọwọ́ sí i. Ní oṣù àkọ́kọ́, ìdájí ọjọ́ Sátidé ni ọ̀rẹ́ mi máa ń gbéra, ọ̀sán ló máa ń dé, yanrìn á wà lára bàtà rẹ̀. Nígbà tó yá, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló ti ń dé, bàtà rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo bi í bóyá òkun ló wá pàdé rẹ̀ ní Ọjọ́ta.

Ó rẹ́rìn-ín. “Road free ni jàre. Ìwọ ṣáà yẹ omi ẹ wò.”

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Gíláàsì dé ojú ìlà. Mo fọwọ́ sí i.

Kò pé oṣù kan sí i tí iyùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọwọ́ rẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn náà ni ìdí rẹ̀ ń funfun. Mo bá káfíńtà jà nítorí ọ̀dà tó kùn sára tábìlì. Mo bá onígíláàsì jà nítorí gúlù rẹ̀. Mo pààrọ̀ iná. Mo fẹ̀sùn kan gbogbo nǹkan tó wà nínú yàrá yẹn, àfi ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì.

Ìgbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì ká ṣí i fún àwọn ọmọdé, bàbá náà wọ takisí wá láti Anthony. Kò wo iyùn náà púpọ̀. Ó ní ká bu omi fún òun látinú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé. Ó gbé e sẹ́nu, ó fi ṣe bí ẹni ń yọ ẹnu, ó tu ú sínú áńkáṣíìfù.

Ó ní, “Omi òkun máa ń korò lẹ́yìn tí iyọ̀ rẹ̀ bá ti kọjá. Èyí ò korò. Iyọ̀ ọbẹ̀ ni wọ́n dà sínú èyí. Ta ló ń bu ú wá?”

Inú bí mi. Lójú gbogbo wọn ni mo ti sọ ọ́, lójú Mummy, lójú ọ̀rẹ́ mi tó dúró síbẹ̀ tó di ìdérí kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́. Mo ní, “Daddy, ẹ má bínú, gíláàsì mi kì í parọ́. Ẹnu yín ni kò mọ adùn mọ́. Ọ̀rẹ́ mi ò lè ṣe irú ẹ̀ láéláé.”

Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó de kẹ́ẹ̀gì náà. Bàbá gbé ife kalẹ̀, ó ní ó dáa, ó sì lọ.

Kí n lè fi hàn án pé òun ló ṣì í, mo gba àyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Túsìdeè, mo lọ sí etí òkun fúnra mi, mo bu omi sínú ike. Mo tọ́ ọ wò níbẹ̀. Iyọ̀ náà kọjá tán, ìkorò kan sì jókòó sí mi lọ́nà ọ̀fun. Mo padà sí Ìkòsì, mo tọ́ ti inú kẹ́ẹ̀gì wò. Iyọ̀ lásán ni, bí omi tí ìyá mi fi ń fọ ẹja. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tún un tọ́ wò, torí n ò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Mo gba ilé ọ̀rẹ́ mi lọ ní Ògùdù. Aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń ká. Kò jiyàn.

Ó ní, “Epo mọ́tò ò sí. Mo máa ń tò sórí ìlà láti ìdájí, mi ò ní rí rà. Ọ̀sà ló wà lẹ́yìn ilé mi yìí. Mo bu omi, mo ń da iyọ̀ sí i títí gíláàsì fi dé ibi tó o fẹ́. Mo ra irú tìẹ kan.” Ó gbójú sókè. “Ìwọ náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, o ò bá mi lọ.”

Ìyẹn dùn mí, torí òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó lè sọ fún mi. Ó ra gíláàsì, ó jókòó sílé, ó ń wọn irọ́ náà títí tó fi bá ojú mi mu. Ohun tí n kò lè gbé mì nìyẹn títí dòní. Síbẹ̀ mo ní n kò ní tú u fó. Mo ní kó sọ ọ́ fún Mummy àti bàbá fúnra rẹ̀ kó tó di Sátidé. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní òun á sọ ọ́. Mo gbà á gbọ́.

Láàárín ìyẹn, èmi àti onígíláàsì lọ bu omi òkun gidi wá, a pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nígbà tó fi di ọjọ́ Jímọ̀, gbogbo iyùn náà ti funfun báláú, ó ti kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo lọ sí Anthony lọ bẹ bàbá. Mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ ohunkóhun. Ó ní kí n dìde, kí n jókòó.

Ó ní, “Ọ̀rẹ́ rẹ wá lánàá. Ó sunkún níbi tó o jókòó sí yẹn. Ó ní ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ mọ̀. Ó ní ìwọ lo kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń da iyọ̀ náà sí i tí gíláàsì fi máa gbà á.”

Mo ní irọ́ ni. Mo ní n kò mọ nǹkan kan. Mo sọ ti etí òkun fún un, mo sọ ti Ògùdù. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi títí mo fi parí.

Ó ní, “Lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́, òun ò la ẹnu. Ìwọ lo fìwọ̀sí lọ̀ mí.”

Ó ní òun ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn pé ẹnì kan nínú wa ṣì ní ìtìjú, òun sì ti dárí jì í. Ó ní òun á dárí ji èmi náà, lọ́jọ́ tí mo bá wá sọ òótọ́ fún òun.

Mo padà lọ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, kò ríran rárá mọ́, ohùn mi ló fi mọ̀ mí. Ó béèrè bóyá mo ti ṣe tán láti sọ òótọ́ náà.