Ilà Ojú Ìyá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ìyá mi ṣì ń fi kànìnkànìn họ mí lára láràárọ̀ bí ẹni ń họ ìkòkò tó jóná, Ogida níbí náà, ní ìlú Bìní, là ń gbé. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tó jẹ́ pé fóònù lẹ kọ́kọ́ ń kí kí ẹ tó kí bàbá yín, ẹ gbọ́ o: kò sí nǹkan kan tó ń tàn lójú nínú ilé wa nígbà náà. Rédíò kan ṣoṣo ló wà, bàbá mi ló ni ín, bí o bá fọwọ́ kàn án, o ti fọwọ́ ara rẹ fa ẹgba nìyẹn. Ojú ìyá mi ni èmi máa ń wò ní tèmi.

Ọmọ apá Ọ̀yọ́ ni ìyá mi. Àbàjà mẹ́ta gbọọrọ ló dùbúlẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ìbàmú kan sì tún ti ẹ̀gbẹ́ imú gba apá òsì sọ̀ kalẹ̀. Àwa ọmọ kò ní ilà. Bàbá mi ní àjò là ń gbé, kí wọ́n fi ojú wa sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ní gbogbo òpópónà wa, ìyá mi nìkan ló ní irú ojú yẹn, àwọn ọmọ tí a jọ ń gbá bọ́ọ̀lù kò sì rí irú rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn bi mí lójú gbogbo ayé pé, "Na cat scratch your mama?" Háà! Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

Mo sunkún délé. Mo bu omi, mo mú ọṣẹ àti kànìnkànìn, mo lọ bá ìyá mi ní ẹ̀yìnkùlé, mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí n bá òun fọ nǹkan ojú yẹn kúrò. Ẹ wo obìnrin tí ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa! Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó jókòó sórí àpótí, ó gbé ojú sílẹ̀ fún mi. Ó ní, "Ó yá, fọ̀ ọ́." Mo fọ̀ ọ́ títí ojú rẹ̀ fi funfun fún ìfófòó ọṣẹ. Nígbà tí mo bu omi ṣàn án, ilà kò lọ síbì kankan. Ó wá mú ìka mi, ó fi lé àbàjà àkọ́kọ́, ó ní, "Títa ríro là ń kọlà, bó bá jinná tán, a doge. Oge mi lo fẹ́ fi ọṣẹ bó yẹn, ọkọ mi."

Láti ọjọ́ náà ló ti di eré àwa méjèèjì. Bó bá ti ọjà dé ní ìrọ̀lẹ́, tó bá nà gbalaja sórí ẹní, èmi a jókòó ti orí rẹ̀, màá máa fi ìka tọ àwọn ilà yẹn láti ìdí imú títí dé ẹ̀gbẹ́ etí. Bí mo bá fo ọ̀kan, á ní, "Ó ku ọ̀kan o, má rẹ́ mi jẹ." Ibẹ̀ ni oorun ti sábà máa ń gbé e lọ.

Ẹ̀pà ló ń tà ní ọjà Oliha. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkùnrin kan tó bá ọkọ̀ àlùbọ́sà wá dédé dúró níwájú àtẹ wa. Ó wo ìyá mi lójú, ó sì dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ọjà. Kò rí i rí o, kò mọ orúkọ rẹ̀. Agbo ilé tí wọ́n ti bí i ló rí lójú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìyá mi ní oríkì, ìyá mi sì gbàgbé ẹni tó ń bá ná ẹ̀pà, ó ń sunkún bí ọmọdé. Láti ìgbà tó ti dé Bìní, kò sí ẹnì kan tó ki oríkì rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà pé ọṣẹ mi kò ṣiṣẹ́.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyá mi jókòó kí wọ́n ya ojú rẹ̀ dáadáa ní fọ́tò, ní New Benin, lọ́dọ̀ onífọ́tò kan tó gbajúmọ̀. Nígbà náà, ẹ̀rọ tó ń tún fọ́tò ṣe kò tíì dé, ṣùgbọ́n àwọn onífọ́tò ní ọgbọ́n tiwọn. Pẹ́ńsùlù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n fi ń kun fíìmù, wọn a fi bo egbò, wọn a fi bo ojú tó hunjọ. Ọkùnrin náà rọra sọ fún ìyá mi pé àwọn ìyá ọlọ́jà kan máa ń ní kí òun bá wọn pa ilà rẹ́, pé òun lè ṣe tirẹ̀ náà, kò ní hàn rárá. Ìyá mi dìde lórí àga. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ni mo fi gba ilà yìí lọ́wọ́ olóòlà o. Má fi pẹ́ńsùlù gbà á lọ́wọ́ mi." Onífọ́tò bẹ̀bẹ̀ kó tó jókòó padà. Fọ́tò náà jáde, ilà hàn kedere, bàbá mi sì fi férémù igi gidi kọ́ ọ sí pálọ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti dàgbà. Gbogbo fọ́tò rẹ̀ yòókù, àárín èrò ló wà, ojú rẹ̀ kò ju hóró ẹ̀pà lọ.

Mo di olùkọ́, àwòrán ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ má ṣe mú mi ní bàbá arúgbó tó kórìíra kọ̀ǹpútà o. Ẹni bá sọ bẹ́ẹ̀ purọ́ mọ́ mi. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé kọ̀ǹpútà dé iléèwé wa, bàtà la máa ń bọ́ sílẹ̀ ká tó wọ yàrá rẹ̀, wọ́n sì ran aṣọ fún un bí ìyàwó. Àwọn olùkọ́ tó kù ń sá fún un. Èmi kò sá. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi í yàwòrán, bí wọ́n ṣe ń to lẹ́tà, bí wọ́n ṣe ń tún fọ́tò tó ti gbó ṣe. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé bí o bá ṣe àṣìṣe, o kàn máa tẹ bọ́tìnnì, àṣìṣe yóò sì padà lọ sí ibi tó ti wá. Mo ní, ayé mà dára o, ìbá ṣe pé báyìí ni gbogbo nǹkan rí!

Nígbà tí ọmọ ọmọ mi obìnrin wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, òun náà ni mo kọ́. Ọmọ náà já fáfá, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀. Ó ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí o bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Òyìnbó tàbí Pijin ni yóò fi dá ọ lóhùn. Láìpẹ́ ó ti kọjá mi, òun ló ń ṣe pósítà fún ṣọ́ọ̀ṣì àti fún olùṣe kéèkì. Mo máa ń fi í yangàn láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi.

Lọ́dún yìí la ní ká ṣe ìsìn ìrántí fún ìyá mi ní ìjọ wa. Mo wo fọ́tò orí ògiri, àánú ṣe mí. Òjò ti ń jò sára ògiri náà, ọ̀rinrin ti mú fọ́tò lẹ̀ mọ́ gíláàsì, àbàwọ́n àti ìlà pupa ti gba ojú fọ́tò náà kan. Ọmọ ọmọ mi fi fóònù yà á láti òkè gíláàsì, ó ní òun máa tún un ṣe, òun máa jẹ́ kó tóbi, ṣùgbọ́n n kò ní rí i títí di ọjọ́ náà. Ó fẹ́ fi yà mí lẹ́nu. Mo ní kí wọ́n lo férémù bàbá mi, igi rẹ̀ dára. Ó gbé e lọ fún oníférémù.

Ọjọ́ pé, ìjọ kún. Wọ́n ṣí aṣọ lójú fọ́tò, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo wò ó. Obìnrin arẹwà kan ló jókòó níbẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán bí ẹyin, gèlè rẹ̀ ń tàn. N kò mọ̀ ọ́n. Mo ṣì ń wá ohun tó ń kọ mí lóminú nígbà tí wọ́n di ọ̀rẹ́ ìyá mi lọ́wọ́ mú wá síwájú, ìyá àgbà tí àtẹ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní Oliha. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ó mà dára o. Ta nìyí? Ìyá ẹlẹ́pà dà?"

Ìgbà náà ni ojú mi là. Ọmọ ọmọ mi dúró tì mí, ẹ̀rín ti kú lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Grandpa, I think say na scratch." Ó ti rò pé nǹkan ló họ ara fọ́tò náà, ó nu àbàwọ́n, ó nu ìlà pupa, ó nu ìyá mi mọ́ ọn. Kí ni mo fẹ́ sọ? Láyé rẹ̀, kò rí ojú tó ní ilà rí. Nínú ilé mi, kò sí ẹni tó bá a dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ rí, ojú sì lọ̀rọ̀ wà.

Bí a ṣe délé, mo ní kó mú fọ́tò tó kọ́kọ́ fi fóònù yà wá. Ó ti pa á rẹ́, fóònù ń pariwo pé òun ti kún. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá oníférémù. Ó ní fọ́tò àtijọ́ náà ti lẹ̀ pọ̀ mọ́ gíláàsì, wẹ́lẹwẹ̀lẹ ló ń já bí òun ṣe ń ṣí i, òun sì ti kó o dànù. Kò ṣẹ̀ mí, ó bá mi kẹ́dùn pàápàá. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, mo sunkún, èmi àgbàlagbà.

Ọmọ náà kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní ọjọ́ kejì ó gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá, ó ní kí n máa júwe, òun máa fà á padà. Ó fa mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, ó rí bí ìwé ìṣirò. Mo ní kó fà á kó rẹlẹ̀ díẹ̀, mo ní rárá, ó ti rẹlẹ̀ jù. Nígbà tó kan ìbàmú, ó bi mí bóyá ó gba orí àbàjà kọjá ni, tàbí ó dúró lókè rẹ̀. Mo fi ìka tọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara mi kí n lè rántí, ìka náà kò mọ̀nà mọ́. Èmi tí mo ń fi ìka tọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́ gbogbo! Ta ni màá wá bi? Ìyá àgbà Oliha pàápàá ní òun kò lè júwe rẹ̀ mọ́. Mo ní kó nu èyí tó fà, kó fi ojú náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ayé ti yí o. Ohun tí mo fi omijé, omi àti kànìnkànìn wá ní kékeré tí n kò rí, ọmọdé fi ìka kan ṣe é níbi tó ti ń jẹ bisikíìtì. N kò bínú sí ẹ̀rọ, n kò sì bínú sí ọmọ. Ó kàn ń dùn mí ni. Ẹ lọ wo ojú ìyá yín dáadáa nígbà tó ṣì wà níwájú yín.

Ọmọ náà bá mi fi fọ́tò náà sínú fóònù mi. Lánàá, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo ṣí i. Mo fi ìka lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá mi, níbi tí àbàjà àkọ́kọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀, mo rọra fà á lọ sí ìhà etí bó ṣe kọ́ mi. Fóònù rò pé mo ti wò ó tán. Ó gbé ìyá mi kọjá lọ, ó sì gbé fọ́tò kéèkì ọjọ́ ìbí ẹnì kan wá.