Lẹ́tà Ńláńlá Tí Ìyá Mi Gbẹ́ Sára Ògiri

Mo ṣì kéré nígbà tí bàbá mi kú ní Ṣakí, n kò tíì ju ẹni tí wọ́n ń rán lọ fọn iná wá nílé aládùúgbò. A kò tíì ṣọ̀fọ̀ tán tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi wọlé tọ ìyá mi wá. Ó ní kí ó kó àwa ọmọ padà sí Àgọ́-Àmọ̀dù, ìlú àwọn òbí rẹ̀, òun fẹ́ lo ilé náà.

Ìyá mi ní, "Ọkọ mi, àwọn ọmọ ló nilé yìí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, irú ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ ni wọ́n ń sọ fún ìyá mi. Ó ń lọ sí kíláàsì ìrìbọmi, ó sì ti mọ lẹ́tà díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó fi amọ̀ tuntun rẹ́ ògiri tó kọjú sí ọ̀nà ọjà. Kí ó tó gbẹ, ó kan èèkàn mọ́ ọn, ó so okùn mọ́ èèkàn náà, ó sì fi í fa lẹ́tà Ọ, kìrìbìtì bí òṣùpá. Pátákó gbọọrọ ló fi fa àwọn ìyókù, gbogbo wọn gún ṣánṣán, igun wọn mú. Ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ wọn wọnú, ó rọ ẹfun sí i. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga tó mi. Ohun tó kọ ni: ILÉ ỌMỌ MI NI. Ẹni tó ń ti oko bọ̀ ń rí i lókèèrè.

Tíṣà ìjọ wa wá wò ó, ó mi orí. "Ìyá, lẹ́tà inú ìwé kò rí báyìí. Èyí kì í ṣe ìwé. Ẹ pa á rẹ́."

Ìyá mi ní, "Ẹ̀yin ń kọ sínú ìwé, Tíṣà. Èmi ń bá ojú ọ̀nà sọ̀rọ̀."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbọ́, ló bá kó àwọn àgbà ilé wá. Ó ní oògùn ni obìnrin yìí yà sára ògiri láti fi pa òun, Tíṣà fúnra rẹ̀ ní kì í ṣe ìwé. Wọ́n ránṣẹ́ pe Tíṣà.

Baálé ní, "Kí ló wà níbí yìí?"

Tíṣà wo ìyá mi. Ìyá mi kò gbójú kúrò. Ọkùnrin náà wúkọ́, ó ní, "Ilé ọmọ mi ni."

"Tún un kà."

Ó tún un kà, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè.

Baálé ní, "Ìwé ni. Kì í sì í ṣe irọ́." Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbọn aṣọ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwa ò kó lọ síbì kankan. Láìpẹ́, àwọn obìnrin ń wá bẹ ìyá mi kó ya irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sára ilẹ̀kùn àti àpótí wọn. Ọ̀kan tilẹ̀ ti Ìsẹ́yìn wá.

Ayé ti yí padà. Àwọn ọmọ tó ń kun ọkọ̀ àti ojú ṣọ́ọ̀bù lónìí ń ya lẹ́tà onígun bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ti ayé tó ń bọ̀ ni. Mo ti rí i kí mọ́tò kankan tó dé ìlú wa. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń gbọ́ pé wọ́n ń sọ fún opó pé kó di ẹrù rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń gbọ́ mi, bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ má dìde. Kí wọ́n wá gbé yín.