Ọsàn Inú Pálọ̀ Alhaja Hàmdálátù

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín Alhaja Hàmdálátù o. Èmi tí mò ń gbé ìsàlẹ̀ wọn l'Ógèrè ti bá yín rẹ́rìn-ín náà tán.

Ogójì ọdún ni wọ́n fi ta obì ní Ṣàgámù. Nígbà tí Ìdírísù, àbúrò wọn kan ṣoṣo, gé igi ọsàn ìyá wọn ní Makun láti fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi Ọlọ́hun búra pé àwọn ò ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́, àfi táwọn bá tún jẹ ọsàn igi náà.

Igi tó ti wó lulẹ̀! Ìbínú ò da nǹkan fúnni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn wọ́n, ìbúra sì ni ìbúra lójú wọn. Wọ́n yáa mú ẹ̀ka kan nílẹ̀. Hàrúnà tó ń ta igi gbíngbìn n'Írólú bá wọn dì í mọ́ ara igi ọsàn kékeré kan títí ó fi lẹ̀ mọ́ ọn. Kọnkéré ló bo gbogbo àgbàlá wa, ni Alhaja bá gbé e sínú ike ọ̀dà nínú pálọ̀.

Ọdún mẹ́ta, kò sí òdòdó. Báwo ni yóò ṣe wà? Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni wọ́n gbé igi pamọ́ sí, wọ́n fi ewé tútù bo ìdí rẹ̀ bí obì inú apẹ̀rẹ̀.

"Alhaja, oòrùn ló ń fẹ́."

"Oòrùn? Modúpẹ́, ṣé o mọ iye obì tí oòrùn ti bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́?"

Àgídí wọn! Mo lọ pe Hàrúnà, a gbé igi sẹ́nu fèrèsé, Alhaja ń kùn lẹ́yìn wa. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, òdòdó yọ. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ò jẹ́ kí oyin wọlé, ni Hàrúnà bá ní kí wọ́n máa fi ìyẹ́ adìẹ kan òdòdó kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá wo Alhaja pẹ̀lú awò lójú, tí wọ́n ń rẹ òdòdó lẹ́kún!

Ẹyọ ọsàn kan péré ló dúró. Wọn a kí i láàárọ̀ kí wọ́n tó dá mi lóhùn.

Kò tíì ju ẹyin ẹyẹlé lọ nígbà tí a gbọ́ pé àwọn dókítà yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún Ìdírísù lọ́jọ́ Ẹtì. Hàrúnà ní ó ku oṣù márùn-ún kí ọsàn tó gbó. Alhaja dìde lọ sídìí igi náà. Wọ́n já a, wọ́n jẹ ẹ́ tèèpotèèpo níwájú wa. Ojú wọn fún pọ̀, omi ń dà níbẹ̀, àánú wọn sì ṣe mí gan-an. Wọ́n gbé fóònù.

"Ìdírísù," wọ́n ní, eyín wọn ti kan. "Èmi ni. Mo ti jẹ ẹ́. Mò ń bọ̀."