Àkàrà Tí Mo Yára Dín

Ọjọ́ tí ọmọ ọmọ mi parí ìdánwò àṣejáde girama, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi bírò kọ orúkọ sí gbogbo ara aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ kó tó délé. Mo wo aṣọ náà, mo ní, "Alhamdulilahi, ó parí." Ọmọbìnrin mi ló bí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló dàgbà sí, ní Igando níbí. Ògì tí mo ń tà ni mo fi tọ́ ọ. Òun á máa da omi, èmi á máa fọwọ́ yí i nínú asẹ́. Èjìká mi ọ̀tún ò gbọ́ tèmi mọ́. Mo ti pinnu pé bó bá ti jáde girama, Ògbómọ̀ṣọ́ yá, kí n lọ sinmi.

Ni mo bá ṣe sàárà. Mo lọ ẹ̀wà lọ́jọ́ Jímọ̀, mo dín àkàrà, mo pín in yí ilé ká. Mo di aṣọ mi sínú báàgì, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Nígbà tí èsì jáde, ọmọ yege. Ìdánwò ìwọlé yunifásítì ni kò gbé e dé ibi tí wọ́n fẹ́ fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Kò sunkún. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo báàgì mi.

"Màmá, wọ́n ní ọ̀nà kan ṣì wà. A-Level. Ọdún kan péré ni, ní Command, ilé-ìwé àwọn sójà. Bí mo bá yege níbẹ̀, ọdún kejì ni mo máa bọ́ sí ní yunifásítì."

"Ọdún mẹ́fà lo lò ní girama. Kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ kọ́ ẹ?"

Tíṣà, ará Èkìtì tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, ló dáhùn láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. "Màmá, kì í ṣe nǹkan tuntun. Híà sùkúù ni wọ́n ń pè é láyé àtijọ́."

"Tíṣà, mo ti ṣe sàárà."

"Mo mọ̀, mo jẹ níbẹ̀. Àfi kí ẹ gba àkàrà yín padà níkùn wa, jàre!"

Ọmọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní òun á san owó ibẹ̀. Ibi tí ọmọ á máa gbé ló kù. Ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n náà ò gbé Èkó; bí mo bá lọ, kò sẹ́ni tí mo lè fi í tì níbí. Á bá mi lọ ni, á lọ kọ́ aṣọ rírán. Òun náà mọ̀.

"Bí ẹ bá ní ká máa lọ, Màmá, mo ń bá yín lọ."

Bó ṣe sọ ọ́ jẹ́jẹ́ yẹn ló wá dá kún àárẹ̀ mi. Ká ní ó bínú ni, ǹ bá bínú padà, kí n gbé báàgì mi.

Mo lọ jókòó ti àgbàdo tí mo rẹ, mo ń rò ó. Ojoojúmọ́ là ń sẹ́ ògì tẹ́lẹ̀. Bí mo bá ń rẹ ẹ́ ní Ọjọ́rú, Sátidé ni màá gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, ọmọ á sì wà nílé. Oníbàárà tí kò bá lè dúró, kó rà á níbòmíì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo yọ ìró iṣẹ́ mi nínú báàgì, mo ró o. Ọmọ rí i, ó gbé báàgì náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Lọ sọ fún wọn pé o ń bọ̀," mo ní. "Ṣùgbọ́n bó bá di Sátidé, mi ò fẹ́ gbọ́ ti ìwé."

Ó ti ń lọ báyìí. Tíṣà ṣì ń yọ mí lẹ́nu: "Màmá, ìgbà wo la máa jẹ àkàrà A-Level?"

"Ẹ jẹ́ kó wọ yunifásítì ná. Mi ò yára dín òmíràn mọ́."

Sátidé tó kọjá, a jókòó ti asẹ́, ọmọ ń ka nǹkan kan sínú, ó gbàgbé omi lọ́wọ́. Ó gbójú sókè, ó rí i pé mo ti dá ọwọ́ dúró.

"Ó rẹ̀ yín, àbí, Màmá?"

"Ó rẹ̀ mí. Da omi sí i."