Ẹ̀jẹ́ Félix àti Kòkòrò Tí Ẹ̀rọ Kò Rí

Nínú gbogbo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ní Ṣábẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, Félix nìkan ló ń gbàdúrà kí wọ́n rí àìsàn lára òun.

"Ẹ jọ̀ọ́, madámù, ẹ tún un wò. Bóyá ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n fi sẹ́nu ẹ̀rọ."

Chimène, nọ́ọ̀sì tó ń fún un lóògùn láti ọdún tó kọjá, gbójú sókè. "Bàbá Aurore, a wọn iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ̀rọ ò rí nǹkan kan. Ẹlòmíràn á ti bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin lẹ fajú ro?"

"Ẹ̀rín ń bọ̀. Ẹ ṣáà tún un wò."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Félix ti tọrùn bọ ẹ̀jẹ́. Àgbẹ̀ ni ní Kaboua, ó ń gbin iṣu, ó ń ká kajú, òun náà ló sì ń kọ́ àwọn àgbà ní Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọjọ́ tí wọ́n sọ fún un pé ó ní kòkòrò sídà, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní éèdì, iye rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ débi pé kò lè pe òǹkà náà tán. Ó kúnlẹ̀ sábẹ́ igi kajú, ó ní, "Olúwa, bí wọ́n bá wá a tí wọn ò rí i, màá dìde níwájú ìjọ, màá dárúkọ àìsàn mi." Ó dá a lójú pé kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé. Ìdí nìyẹn tí ẹnu rẹ̀ fi gbòòrò tó bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí Wẹ̀mímọ́, ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wò tí wọn ò bá nǹkan kan níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ní Kaboua.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa," Chimène ní. "Kò tán o. Díẹ̀ ṣì sá pamọ́ síbi tí ẹ̀rọ ò lè dé. Oògùn ló dè é mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá ń lò ó lójoojúmọ́, kò ní lè pọ̀, kò sì ní ràn mọ́ ìyàwó yín. Ọjọ́ tí ẹ bá dáwọ́ dúró, á tún gbéra ńlẹ̀."

Ojú Félix là. "Ó ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Olúwa á bù kún yín, madámù!" Ó fọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó jáde tayọ̀tayọ̀. Chimène ń wò ó lẹ́yìn bí ẹni tó ń wo wèrè.

Lórí alùpùpù zémì tó ń gbé e relé, ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Olúwa, Ìwọ náà gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Kò tán. Ṣùgbọ́n ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹnu sọ lábẹ́ igi kajú ni "tí wọn ò rí i", kì í ṣe "tó bá tán". Ó wá ọ̀nà mìíràn: oògùn ló ṣe é, kì í ṣe àdúrà, nítorí náà kò sí ẹ̀jẹ́ kankan láti san. Ìgbà tí wọ́n kọjá lára àpáta ńlá ni ìbéèrè kan dé bá a. Bí oògùn nìkan ló ṣe é, ta ló ń bá sọ̀rọ̀ láràárọ̀ láti ọdún tó kọjá? Kó sẹ́ Ọlọ́run, kó pa àṣírí mọ́; tàbí kó yin Ọlọ́run, kí àṣírí tú. Kò sí ẹ̀kẹta.

Nígbà tó ròyìn fún Wẹ̀mímọ́, obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ jẹ́ irú ẹ̀jẹ́ yẹn, ẹ ò bi mí? Ó yá, ẹ lọ san án."

"Géraldine ńkọ́?" Géraldine ni olórí àwọn obìnrin ìjọ. Ọ̀rọ̀ tó bá gbọ́ láàárọ̀, wọ́n á ti gbọ́ ọ létí odò Ókpara kí oòrùn tó kan àtàrí.

"Géraldine gan-an ni mo fẹ́ kó gbọ́." Kò sọ ìdí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Félix dìde. "Mo ṣàìsàn, ẹ̀yin ará."

"Halelúyà!"

"Àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ ni."

"Halelúyà!"

Ó rò pé ìyẹn ti tó, ó ń fìdí wá àga. Wẹ̀mímọ́ húkọ́. Ó tún nàró.

"Sídà ni."

Kò sí halelúyà kankan. Pásítọ̀ kọ́kọ́ wo ilẹ̀, ó wá sáré gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀: "Jésù ti wò ọ́ sàn pátápátá! Kó oògùn dànù!"

"Rárá o, pásítọ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n dè é mọ́lẹ̀ ni, oògùn sì ni okùn rẹ̀. Mi ò ní já okùn."

Géraldine dìde, ó fọwọ́ sí ìbàdí. "Bàbá Aurore, ṣé ohun tí ẹ ń lọ ṣe ní Ṣábẹ nígbà gbogbo nìyẹn?"

"Òun ni."

"Yéè! A ti ń sọ pé ẹ ní obìnrin níbẹ̀! A ti gbààwẹ̀ lórí obìnrin yẹn!" Ó yíjú sí Wẹ̀mímọ́. "Ìwọ náà sì sọ pé o mọ̀!"

"Mo ní mo mọ ibi tí ọkọ mi ń lọ. Ẹ̀yin lẹ gbé obìnrin síbẹ̀."

Ẹ̀rín sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Félix fa àga rẹ̀ sẹ́yìn. Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ kúrò nítòsí. Félix rí i, ó sì dùn ún.

Lọ́nà ilé, ó bi ìyàwó rẹ̀ pé kí ló dé tí kò fi sọ fún òun pé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀.

"Kí n sọ fún yín, kí ìtìjú má jẹ́ kí ẹ lọ gba oògùn mọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa káàánú mi. Ṣé ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń fún mi ní èènì ata lọ́jà? Láti ọ̀la, èènì ti tán o. Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́."

Félix fẹ́ rẹ́rìn-ín. Dípò ẹ̀rín, ó gba Bíbélì ọwọ́ rẹ̀ bá a gbé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ìdajì àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ Bíbélì rẹ̀ ni kò wá. Géraldine wá, ó jókòó síwájú gan-an, ó ti nawọ́ sókè kí wọ́n tó kọrin tán.

"Bàbá Aurore, ẹ sọ òótọ́ fún wa. Ọlọ́run ló ṣe é ni, àbí oògùn?"

Félix wo Bíbélì, ó wo àwọn àga tó ṣófo.

"Èmi náà ṣì ń bi Í léèrè," ó ní. "Ẹ ṣí Bíbélì yín."